Omi Gbígbóná fún Àrínọlá

Ojú wọn pàdé ní ibùdókọ̀ Ẹgbẹ́dá, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí èrò ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn lẹ́nu bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń lọ sí Ìbàdàn. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ru gárawá epo kejì. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ni, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú nínú ooru oṣù kẹta, àpótí ńlá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, orí ẹ̀ pá, ó ń dán bí abọ́ tánganran. Màmá mi ń fi ìgúnpá wá àyè láàárín èrò. Wọ́n yíjú, ọkùnrin náà yíjú, gbogbo ariwo ibùdókọ̀ sì dákẹ́ létí mi bí ìgbà tí èèyàn bá pa rédíò.

Ogún ọdún ni mí nígbà yẹn, mo sì ti ka ìwé ìfẹ́ tó kún àpótí ọsàn kan. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ojú bá pàdé báyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni màmá mi ti ń dá gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ti ibì kan yọ wá. Èyí kò ga, kò sì ní irun, ṣùgbọ́n èèyàn kì í rí gbogbo ẹ̀ tán.

Ó sún mọ́ wa, ó bá màmá mi gbé gárawá wọn dúró kó má baà dànù.

"Ẹ ṣeun, sà," màmá mi ní.

"Kò tọ́pẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò Erúnmu ńkọ́? Ilé Oyèkúnlé ni mò ń lọ."

"Ta lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi ni."

Màmá mi rọra sọ gárawá náà kalẹ̀. "Kí lorúkọ ìyàwó yín?"

"Àrínọlá."

Màmá mi wò ó láti orí pípá dé bàtà, wọ́n tún wò ó láti bàtà padà sókè, bí ẹni tó ń wo iṣu tí kò dá a lójú. Èsì tí wọ́n fún un, ká ní inú ìwé ni mo ti rí i, mi ò ní gbà á gbọ́.

"Kò sí nílé," wọ́n ní. "Ó ti lọ ta epo. Tẹ́ ẹ bá máa dúró dè é, ìta ni kẹ́ ẹ dúró sí."

Wọ́n gbé gárawá tiwọn, wọ́n gba tọwọ́ mi, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, kọ́ńdọ́ sì fa ilẹ̀kùn pa. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo èéfín. Èmi náà dúró. Èmi ni mo wá sọ fún un pé Àrínọlá nìyẹn, pé èmi sì ni oyún tó fi sílẹ̀ lọ. Títí di ìgbà yẹn, “ó” ni mo ń pè é lọ́kàn mi, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin inú ìwé. Láti ìgbà yẹn ló ti di bàbá mi, tí mo sì ní láti máa pè wọ́n ní wọn.

Ọdún 1972 ni Lazarus Oyèkúnlé fi Erúnmu sílẹ̀ lọ sí Jámánì. Ọdún méje ni lẹ́tà fi ń wá, tí owó díẹ̀ ń bá a wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí lẹ́tà, kò sí owó, kò sí ẹni tó sọ pé òun rí wọn. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Epo pupa ni màmá mi fi rán mi dé fọ́ọ̀mù fáìfù. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa, ọkùnrin inú ẹ̀ ní irun tó pọ̀ bí igbó, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò fi mọ orí tó ń dán ní Ẹgbẹ́dá.

Màmá mi ò lé wọn. Ká ní wọ́n lé wọn ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Bẹ́ǹṣì gígùn tó wà ní pálọ̀ ni wọ́n ní kí bàbá mi máa sùn sí. Àwo tánganran olódòdó tí a fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó bá ti orílé ìjọ wá ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún wọn. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, màmá mi á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, àlejò wa. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Àwọn àgbà ìjọ Kérúbù wá bẹ̀bẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ fún wọn náà.

"Ẹ̀yin bàbá mi," wọ́n ní, "mi ò lé wọn, mi ò sì gbà wọ́n. Kí wọ́n kàn sọ ibi tí wọ́n wà fún ọdún mẹ́rìnlá, àti ìdí tí wọn ò fi kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi. Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ó tán."

Àwọn àgbà yíjú sí bàbá mi. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ọ̀rọ̀ náà gùn," wọ́n ní.

Ìyá Àjọkẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣe epo pẹ̀lú màmá mi, tí ẹnu wọn ò sì ní ilẹ̀kùn, ló sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. "Lásárù inú Bíbélì, ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò nínú ibojì, wọ́n ní ó ti ń rùn. Tiwa lo ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ kóòtù dé."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ǹṣì ti ba ẹ̀yìn bàbá mi jẹ́, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n fa àwòrán kan yọ nínú àpótí wọn.

Wọ́n já a nínú ìwé ìròyìn aláwọ̀ kan ni, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ọkùnrin kan àtobìnrin kan jókòó sínú omi tó dé àyà wọn, ooru ń rú lójú omi, wọ́n di ojú, òdòdó yí wọn ká, ọgbà onípákó sì wà lẹ́yìn wọn. Bàbá mi ní ìlú kan wà ní Jámánì tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀. Àwọn tí eegun ń dùn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá jókòó sínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí tọkọtaya tó jà látinú mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n jáde nínú omi náà tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀yin náà máa ń wọ̀ ọ́, bàbá?"

"Èmi? Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ìyẹn fún màmá mi, ṣebí ibi tí wọ́n wà nìyẹn. Wọ́n mi orí. "Ìyẹn ò le. Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé ló le." Wọ́n wá tẹ́ àwòrán náà sórí orúnkún. "Wò ó, tí ìyá ẹ bá lè jókòó sínú irú èyí lẹ́ẹ̀kan péré, tí omi náà bá dé èjìká ẹ̀, kò ní bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Kò sí ohun kan nínú àpótí ọsàn mi tó ta ko ọ̀rọ̀ náà.

Eérú la fi ya irú ẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ fún màmá mi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, láàárín igi ọsàn àti ilé ìdáná. Àyíká tó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni ibi omi. Àgbá onírin máa wà lórí àdògán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, páìpù á sì máa gbé omi gbígbóná látinú àgbá wá sínú ẹ̀. Ọgbà onípákó á yí i ká, nítorí ewúrẹ́ àti nítorí Ìyá Àjọkẹ́. A máa fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí, a máa kó òkúta wẹ́wẹ́ láti odò wá tẹ́ ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó bá ń tinú omi jáde má baà kó ẹrẹ̀. Mo ní kí òdòdó wà níhà ibi tí màmá mi máa jókòó sí, kí òórùn ẹ̀ lè bá wọn tí wọ́n bá di ojú. Bàbá mi ní kí ìjókòó méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní rárá, kí wọ́n kọjú síra, kí ojú lè pàdé. Ọjọ́ méjì la fi ṣe àríyànjiyàn yẹn. Mi ò tíì ní bàbá tí mo lè bá jiyàn rí, mi ò sì yára gbà.

Màmá mi gbé apẹ̀rẹ̀ kọjá, wọ́n wo eérú tó wà nílẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń gbìn síbẹ̀?"

"Òdòdó, mà."

"Ẹ jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀ náà, kó lè wúlò."

Wọ́n kọjá lọ. Wọn kì í tọ́pinpin ọ̀rọ̀ àlejò.

Bíríkìlà tí a pè ni Bàbá Sàníù. Láti Erúnmu títí dé Ẹgbẹ́dá, kò sí ẹkù tí kì í ṣe ọwọ́ wọn. Ẹkù ni kòtò oníṣìmẹ́ńtì tí àwọn obìnrin ń da ẹyìn tí wọ́n ti sè sí, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi léfòó. Bàbá Sàníù gba àwòrán, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Alàgbà," wọ́n ní, "kí làwọn méjì yìí ṣe tí wọ́n fi ń sè wọ́n?"

Bàbá mi ṣàlàyé. Bàbá Sàníù ń mi orí pẹ̀lú sùúrù, bí a ṣe ń mi orí fún ìbátan tí ara ẹ̀ ò yá.

"Ó ti yé mi. Omi máa wà, á gbóná, ẹsẹ̀ èèyàn máa wọ̀ ọ́."

"Gbogbo ara ni."

"Gbogbo ara kẹ̀. Ṣebí ẹsẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀."

Bàbá mi lọ sí Ìbàdàn lọ wá páìpù, wọ́n sì fẹ́ kí dókítà wo ẹ̀yìn wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. "Máa wò ó dáadáa," wọ́n ní, "kó tẹ̀lé àwòrán." Mo gbé àpótí sábẹ́ igi ọsàn, mo ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo yá, ẹni tó ni ín sì ti ń ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Sàníù wá dúró lórí mi, sìmẹ́ńtì wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá.

"Ṣìkẹ́mi, ìjókòó tí bàbá ẹ wí yìí máa dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe?"

Nínú ìwé, ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú lẹ́nu géètì ọsibítù ni. Ó ku ojú ewé méjìlá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Ẹ ṣe é."

Nígbà tí mo fi máa gbé orí sókè, iṣẹ́ ti parí. Ó sì dára. Wọ́n ha ilẹ̀ inú ẹ̀ kó má yọ̀. Ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi igi dí, ojú ọ̀nà omi sì gba ìta lọ sínú kòtò kékeré kan. Etí ẹ̀ ga dé orúnkún, ó fẹ̀, kí ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ lè gbé e lé e. Lápá kan, wọ́n yọ pèpéle kékeré kan, tó gba igbá kan péré. Erúnmu ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ohun tí mò ń wò.

Bàbá Sàníù ń fọ ọwọ́. "Wàláì, kò sí irú ẹ̀ láti ibí títí dé Ifẹ̀. Ó fẹ̀ ju ti àwọn ará Ẹgbẹ́dá lọ."

Bàbá mi gbé páìpù dé, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ wọn wà nídìí, ibi tó ń dùn wọ́n. Wọ́n jókòó sí etí ẹ̀.

"Ṣìkẹ́mi. Ìjókòó dà?"

Mo fi pèpéle igbá hàn wọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ó lè gba ìdajì ìdí wọn, bí wọ́n bá fara balẹ̀. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo kòtò, wọ́n ká àwòrán náà padà sí mẹ́rin.

"Kò burú," wọ́n ní. "Òdòdó á bò ó."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi han màmá mi, láti ọ̀sán la ti ń dáná. A da omi sí i títí ó fi kún, ooru ń rú bí ó ṣe rú nínú àwòrán. Mo já òdòdó pupa tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo fọ́n ewé ẹ̀ sójú omi. Mo to àbẹ́là mẹ́rin sí etí ẹ̀. Bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Nígbà tí màmá mi àti Ìyá Àjọkẹ́ dé láti oko, tí kálukú wọn ru apẹ̀rẹ̀ ẹyìn, mo sọ apẹ̀rẹ̀ màmá mi kalẹ̀, mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọ inú ọgbà.

Màmá mi dúró. Wọ́n yí i ká. Wọ́n lóṣòó sídìí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ìka tọ ojú ọ̀nà omi títí dé òpin ẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ti ẹsẹ̀ kan bọ omi, wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ inú ẹ̀ lọ, wọ́n ń rà á bọ̀. Ewé òdòdó lẹ̀ mọ́ wọn lójúgun. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sí etí ẹ̀, wọ́n fi etí ìró nu ojú.

Bàbá mi wò mí. Ojú wọn ń sọ pé omi náà ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹkù," màmá mi ní. "Ẹkù tèmi."

Ìyá Àjọkẹ́ sọ apẹ̀rẹ̀ tiwọn náà kalẹ̀. "Ẹkù ńlá. Kí wá ni ti òdòdó?"

"Ó lè jẹ́ báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wọn," màmá mi ní. Wọ́n kọjú sí bàbá mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe epo, ẹkù ẹlòmíì ni mo máa ń dúró dè. Tí ìbátan ẹni tó ni ẹkù bá dé lẹ́yìn mi, á ṣáájú mi. Ẹyìn mi á tutù, mà á tún un sè. Ọdún mélòó. Ta ló sọ fún yín?"

Bàbá mi la ẹnu. Wọ́n wò mí. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ tó láti mọ ìgbà tó yẹ kí ọkùnrin dákẹ́. Mo mi orí díẹ̀.

"Mo kàn rò ó ni," bàbá mi ní.

"Ẹ rò ó."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwo olódòdó ò jáde. Inú àwo wa tó ti bó létí, tí àwa fúnra wa ń jẹun nínú ẹ̀, ni oúnjẹ bàbá mi wà. "Bàbá Ṣìkẹ́mi," màmá mi ní, "oúnjẹ yín ti wà nílẹ̀." Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná lọ sunkún ayọ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, kò sí ẹni tó ń sùn sórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi rò ó pé bí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó sínú omi náà, àwọn á jókòó sí i lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sán tówẹ́ẹ̀lì, wọ́n wọ sílípáàsì, wọ́n mú ọṣẹ, wọ́n ṣí ọgbà. Obìnrin mẹ́fà wà nínú ẹ̀, màmá mi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe epo. Wọ́n ti ká ìró dé orúnkún, wọ́n di ara wọn léjìká mú, wọ́n ń tẹ ẹyìn gbígbóná, fóòmù pupa ti ń rú sókè. Ìyá Àjọkẹ́ ló kọ́kọ́ rí wọn.

"Alàgbà, ẹ ti múra. Ẹ wọlé."

"Rárá, mo kàn ní kí n..."

"Ẹ kàn ní kẹ́ ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì kí wa? Ẹ wọlé jàre. Ẹ ò lè ṣe àlejò nínú ẹkù tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́."

Bàbá mi wo màmá mi. Màmá mi sún, àyè kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá mi gbé ọṣẹ lé pèpéle igbá, wọ́n wọlé. Ẹyìn náà mù wọ́n dé agbedeméjì ojúgun. Wọ́n di màmá mi léjìká mú, wọ́n tẹ̀, wọ́n ṣì í tẹ̀, Ìyá Àjọkẹ́ sì ń bú wọn, wọ́n ní ṣé báyìí ni wọ́n ń rìn ní Jámánì. Mo dúró ti iná pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, mò ń wá ojú ìwé tí mo ti rí irú ẹ̀ rí, mi ò rí i. Ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bàbá mi lè bẹ̀rẹ̀ mú sílípáàsì wọn láìpariwo.

"Omi gbígbóná ni," wọ́n sọ fún mi. "Mo wí fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ní Sunday, màmá mi dìde láti jẹ́rìí. Wọ́n so ọwọ́ pọ̀ lórí sùtánà.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," wọ́n ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé wọ́n ti gbàgbé mi. Gbogbo ọdún mẹ́rìnlá tí wọn ò kọ̀wé, ohun tí mo nílò ni wọ́n ń rò. Mi ò bi wọ́n ní ibi tí wọ́n wà mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ọkàn wọn wà."

Gbogbo ìjọ ṣe halelúyà. Mo wo ìhà àwọn ọkùnrin. Bàbá mi ti tẹ orí ba, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn, wọ́n sún sẹ́yìn fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti wọlé sí bàbá mi lára. Màmá mi ò ní oníbàárà kan tí wọn kì í sọ ọ́ fún: ọkọ mi tó ń rò mí, ọkọ mi tó kọ́ ẹkù fún mi. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, bàbá mi á tẹ orí, bí ẹni tí òjò ń pa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sábẹ́ igi ọsàn. Ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò wà lọ́wọ́ wọn.

"Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá ẹ."

"Inú ilé kan náà lẹ jọ wà, bàbá."

"Tí mo bá ní kí n sọ ọ́, ibi tó le jù ni mà á fò. Tí mo bá kọ ọ́, kò ní ṣeé fò."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní màmá mi ò bi yín mọ́, ṣebí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mò ń gbèjà ìfẹ́ ni.

"Ẹni tí ìyá ẹ gbà sílé," wọ́n ní, "èmi kọ́. Ọkùnrin kan ni tó jókòó sí Jámánì tó ń ronú ẹkù. Òun ló ń jẹ oúnjẹ mi. Òun ló ń sùn sí àyè mi."

Mo wá ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí mo ti lè ràn wọ́n. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí: Olólùfẹ́ mi ọ̀wọ́n, òdòdó tó tàn nínú ọgbà ọkàn mi." Wọ́n kọ ọ́, nítorí pé èmi ni mo ka ìwé jù. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fi bírò fa igi lé e. Wọ́n kọ "Àrínọlá" sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́, ó gba ojú ewé méje. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló sì fi wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n á rìn dé ẹnu ọgbà, ọwọ́ á wà lórí àpò, wọ́n á gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin, wọ́n á yí padà. Nígbà kan wọ́n ní kí n bá wọn fún màmá mi. Mo ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, mi ò lè dá sí i. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ni kí òógùn jẹ lẹ́tà náà tán nínú àpò.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, àwọn obìnrin ti lọ. Màmá mi nìkan ló wà nínú ẹkù, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ fọ̀ ọ́, epo dé wọn ní ìgúnpá. Mò ń pọn omi fún wọn. Bàbá mi wọlé, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àrínọlá."

"Sà."

"Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi fún ẹ."

"Látọ̀dọ̀ ta?"

"Látọ̀dọ̀ mi."

Màmá mi ń gbálẹ̀ lọ. "Ó pẹ́ lọ́nà. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọdún mẹ́rìnlá náà ni. Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé. Ó tún wà níbẹ̀ pé..." Wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. "Pé mi ò gbèrò ẹkù rí láyé mi. Omi lásán ni mo fẹ́ kí o jókòó sí, kí ọkàn ẹ lè rọ̀, kí o má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Sàníù ló kọ́ ẹkù."

Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, màmá mi ṣì ń gbálẹ̀.

"Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n," wọ́n ní.

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ta ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá sídìí epo?"

"Kí ló dé tí o wá lọ jẹ́rìí níwájú ìjọ?"

Màmá mi fi ìgbálẹ̀ ti ara ẹkù. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa jẹ́ kí n máa ru irọ́ yẹn kiri ni. Mo rù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rù ú lọ́jà, mo rù ú dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àjọkẹ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ń wúwo bọ̀. Mo ti ń rò ó pé kò sẹ́ni tó máa sọ̀ mí."

Mo gbé korobá kalẹ̀, mo sún mọ́ wọn. Màmá mi ò mọ ìwé kà kọjá nọ́ńbà orin, gbogbo lẹ́tà tó bá wọ ilé wa, èmi ni mo máa ń kà á.

"Ẹ mú un wá, bàbá," mo ní, "kí n kà á fún wọn."

"Ṣìkẹ́mi," màmá mi ní, "lọ wo iná."

"Iná ń jó dáadáa, mà."

"Lọ wo bó ṣe ń jó."

Mo lọ, ṣùgbọ́n mi ò lọ jìnnà, pákó ọgbà náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe déédéé. Mo rí bàbá mi tí wọ́n fa ìwé náà yọ. Òógùn ti mú un rọ̀ bí aṣọ. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án, bí a ṣe ń na nǹkan sí àgbàlagbà.

"Ẹ̀yin lẹ máa kà á," màmá mi ní. "Gbogbo ẹ̀. Mo ń gbọ́."

Màmá mi nu ọwọ́ sí ìró, iwájú àti ẹ̀yìn, epo náà ò tán níbẹ̀, wọ́n sì gbà á, wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ fún bàbá mi.